Kọ̀ǹpútà àkọ́kọ́ ọmọ yín: Windows ni àbí Linux?

Bí òbí bá fẹ́ ra kọ̀ǹpútà fọ́mọ, iye owó àti bí ara ẹ̀rọ ṣe ń dán ni wọ́n máa ń wò. Operating system tó máa wà nínú rẹ̀, ìyẹn ètò tó ń darí gbogbo ẹ̀rọ, bíi Windows tàbí Linux, ẹni tó ń tà á ló máa ń bá wọn yàn án. Ibẹ̀ gan-an lọ̀rọ̀ ti ń wọ́. Wọ́n á gbé Windows tó ju agbára ẹ̀rọ lọ lé e lórí, kó sì tó ṣí tán, ọmọ á ti padà sídìí fóònù ìyá rẹ̀. Torí náà, ẹ̀rọ ni kí ẹ kọ́kọ́ mọ̀ dáadáa, kí ẹ tó béèrè ohun tí ẹ máa gbé sórí rẹ̀.

Níbàdàn níbí, tòkunbọ̀ ni ọ̀pọ̀ laptop tí wọ́n ń tà ní Queen Cinema àti káàkiri Dùgbẹ̀: HP EliteBook, Dell Latitude, Lenovo ThinkPad, àwọn tí iléeṣẹ́ òkè òkun ti lò fún ọdún mélòó kan. Mo fẹ́ràn wọn fọ́mọdé ju laptop tuntun olówó pọ́ọ́kú lọ. Kíbọ́ọ̀dù wọn le, wọ́n ṣeé tú láti pààrọ̀ bátìrì tàbí RAM (ìrántí tí ẹ̀rọ fi ń ṣiṣẹ́), ẹ̀yà ara wọn sì wà lọ́jà. Àmọ́ ọjọ́ orí wọn ò dọ́gba, nọ́ńbà processor, ìyẹn ọpọlọ ẹ̀rọ, ló sì ń tú àṣírí rẹ̀. Nínú i5-6300U, nọ́ńbà tó tẹ̀lé àmì dáàṣì ni 6, ìran kẹfà (6th generation) nìyẹn. i5-8350U jẹ́ ìran kẹjọ. Tó bá jẹ́ nọ́ńbà márùn-ún ló wà níbẹ̀, bíi i5-10210U, méjì àkọ́kọ́ ni ẹ máa kà: ìran kẹwàá. Yàtọ̀ sí ìwọ̀nba díẹ̀, ìran kẹjọ sókè ni Microsoft fọwọ́ sí nínú processor Intel fún Windows 11, pẹ̀lú RAM 4GB ó kéré tán, àyè 64GB àti TPM 2.0, ẹ̀yà ààbò inú ẹ̀rọ. Ìran kẹfà àti keje tó pọ̀ lọ́jà, Windows 10 ni tiwọn, àtìlẹ́yìn rẹ̀ sì ti parí ní 14 October 2025.

Bí ontàjà bá ní, "Mọ́mì, Windows 11 ló wà lórí ẹ̀, kò sí wàhálà," ẹ má tíì kówó sílẹ̀. Ọ̀nà ẹ̀bùrú wà tí wọ́n fi ń gbé Windows 11 sórí ẹ̀rọ tí kò yẹ ẹ́. Yóò ṣiṣẹ́ o, ṣùgbọ́n Microsoft ò ṣèlérí update fún irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀, ẹ̀dà tuntun tó ń jáde lọ́dọọdún sì lè má wọlé fúnra rẹ̀. Ẹ ní kó jẹ́ kẹ́ ẹ tẹ nǹkan díẹ̀. Ẹ di bọ́tìnnì Windows mú, ẹ tẹ R, ẹ kọ cmd, kẹ́ ẹ tẹ Enter. Nínú àpótí dúdú tó bá yọ, ẹ kọ slmgr /xpr. Tó bá dá ọjọ́ kan pé activation máa parí, yálà àṣẹ iléeṣẹ́ tó lò ó tẹ́lẹ̀ ni tàbí ayédèrú, kò sí èyí tó jẹ́ tiyín nínú méjèèjì. Ẹ tún kọ powercfg /batteryreport, kí ẹ ṣí fáìlì tó bá gbé jáde. Ẹ fi Full Charge Capacity (bí bátìrì ṣe lè kún tó báyìí) wé Design Capacity (bó ṣe lè kún tó nígbà tó wà ní tuntun). Bí ìkíní ò bá tó ìdajì ìkejì, ẹ yọ owó bátìrì tuntun nínú iye tí ẹ fẹ́ san. Ọ̀rọ̀ bátìrì yìí kì í ṣe kékeré nílùú tí iná ń lọ bó ṣe wù ú: bí ẹ̀rọ bá kú láàárín update, ó lè má jí mọ́.

Ẹ ní kí ontàjà pa á, kó tún un tàn. Bó bá ti ń tàn, ẹ tẹ F10 tó bá jẹ́ HP, F2 tó bá jẹ́ Dell, F1 tó bá jẹ́ ThinkPad. Bí ojú BIOS, ètò tó ń ṣí kí Windows tó ṣí, bá béèrè password tí ontàjà ò mọ̀, ẹ gbé e kalẹ̀, ẹ wo òmíràn. Ẹ̀rọ tí BIOS rẹ̀ tì pa lè má jẹ́ kẹ́ ẹ gbé nǹkan mìíràn sórí rẹ̀ láé.

Tó bá jẹ́ hard disk tó ń yí ló wà nínú rẹ̀, ẹ fi SSD, ibi ìpamọ́ tí kò sí ohun tó ń yí nínú rẹ̀, rọ́pò rẹ̀ kí ẹ tó fún ọmọ. Ọmọdé á gbé laptop ju sórí àga nígbà tó ṣì ń ṣiṣẹ́, hard disk ò sì fara da ìyẹn.

Fún ọmọ ọdún 5 sí 12, lórí ẹ̀rọ ìran kẹfà tàbí keje tí RAM rẹ̀ jẹ́ 4GB, Linux Mint, ọ̀kan lára àwọn oríṣi Linux, ni mo fara mọ́, ẹ̀dà Xfce tó fúyẹ́. Ọ̀fẹ́ ni. 2GB ló ń béèrè ó kéré tán, 4GB sì tẹ́ ẹ lọ́rùn. Bọ́tìnnì Menu rẹ̀ wà nísàlẹ̀ lápá òsì bíi ti Windows àtijọ́, kò sí ìpolówó ọjà níbẹ̀, fáírọ́ọ̀sì tí wọ́n ṣe fún Windows tó ń ti inú flash kan bọ́ sí òmíràn kì í sì í ríbi ta gbòǹgbò nínú rẹ̀. Èyí tó ṣe pàtàkì jù fún àpò wa ni dátà. Update Manager rẹ̀ á fi ìwọ̀n ohun tó fẹ́ wà (download) hàn yín, á sì dúró títí ẹ ó fi ní kó bẹ̀rẹ̀. Windows á ti fa dátà tán lórí hotspot fóònù kí ẹ tó mọ̀, àfi tẹ́ ẹ bá yí Metered connection sí On.

Àwọn òbí á ní, "Windows ni wọ́n fi ń kọ́ wọn níléèwé ńkọ́?" Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ohun tí wọ́n ń kọ́ ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni bí wọ́n ṣe ń di máòsì mú, bí wọ́n ṣe ń tẹ̀wé, bí wọ́n ṣe ń fi iṣẹ́ pamọ́ sínú fódà. Gbogbo ẹ̀ ló wà lórí Mint. Fún iṣẹ́ àṣetiléwá, ẹ ṣí LibreOffice Writer tó dà bíi Word, ẹ lọ sí Tools, Options, Load/Save, General, kí ẹ yan Word (docx) pé òun ni kó máa fi pamọ́. Tí ẹ ò bá ṣe é, fáìlì odt lọmọ máa gbé lọ síléèwé, olùkọ́ sì lè ní òun ò rí i ṣí.

Ìgbà tọ́rọ̀ yí padà ni ìgbà tọ́mọ bá wọ SS. Kọ̀ǹpútà ni wọ́n fi ń ṣe ìdánwò JAMB, ọ̀pọ̀ ètò ìdánrawò tí wọ́n ń tà sínú flash ló sì jẹ́ ti Windows. Ọmọ tó wà nípele yẹn, ìran kẹjọ, RAM 8GB àti Windows 11 tó ní àṣẹ ni kí ẹ wá fún un. Bọ́tìnnì mẹ́jọ péré ni JAMB gbà kéèyàn fi dáhùn láìfọwọ́ kan máòsì: A, B, C, D fún ìdáhùn, N fún iwájú, P fún ẹ̀yìn, S láti parí ìdánwò (submit), R láti yí ìyẹn padà (reverse). Ọmọ tọ́wọ́ rẹ̀ ti mọ kíbọ́ọ̀dù láti kékeré, orí èyíkéyìí ló ti lè kọ́ ọ.

Bí ẹ ṣe máa gbé Mint sórí rẹ̀ rèé. Ẹ wá flash 8GB tí kò sí nǹkan pàtàkì nínú rẹ̀, torí gbogbo ohun tó wà níbẹ̀ ló máa pa rẹ́. Ẹ wa fáìlì ISO ti Xfce (odindi Mint nínú fáìlì kan) láti linuxmint.com, ó tó bíi 3GB, ẹ sì fi ètò Rufus tàbí balenaEtcher kọ ọ́ sórí flash. Ẹ̀dà lásán ò tó. Bẹ́ ẹ bá kàn da fáìlì sínú flash, kò ní tàn. Ẹ tan laptop, ẹ tẹ F9 tó bá jẹ́ HP, F12 tó bá jẹ́ Dell tàbí ThinkPad, kẹ́ ẹ yan flash. Mint á ṣí láìtíì fọwọ́ kan ohunkóhun nínú ẹ̀rọ. Ẹ fi bí ìdajì wákàtí dán an wò: Wi-Fi, ohùn, ìmọ́lẹ̀ ojú ẹ̀rọ, àti pé tẹ́ ẹ bá pa á dé, ṣé ó ń jí. Wi-Fi ló sábà máa ń dá wàhálà sílẹ̀, pàápàá tó bá jẹ́ iléeṣẹ́ Broadcom ló ṣe é. Tí kò bá ṣiṣẹ́, ẹ so fóònù mọ́ ọn pẹ̀lú wáyà, ẹ tan USB tethering lórí fóònù náà kí laptop lè lo dátà rẹ̀, kẹ́ ẹ ṣí Driver Manager, tó ń wá ohun tí Wi-Fi nílò, nígbà tẹ́ ẹ bá ti gbé Mint sórí rẹ̀ tán. Tí gbogbo ẹ̀ bá dáa, ẹ kó ohun tẹ́ ẹ fẹ́ fi pamọ́ kúrò, ẹ so ṣájà mọ́ ọn, kí bátìrì náà sì kún, kí ẹ tó tẹ Install.

Orúkọ yín ni kí ẹ kọ́kọ́ fi ṣí àkáǹtì, pẹ̀lú password tọ́mọ ò mọ̀. Lẹ́yìn náà, nínú Users and Groups, ẹ ṣí tọmọ, Standard ni kẹ́ ẹ yàn, kì í ṣe Administrator. Ẹ lọ sí Software Manager, ẹ mú timekpr-next, èyí tó ń ka wákàtí: bẹ́ ẹ bá fún ọmọ ní wákàtí kan lọ́jọ́ ilé ìwé, á kìlọ̀ fún un, á sì tì í jáde tó bá pé. Ẹ mú GCompris, ti ọmọ ọdún 2 sí 10, níbi tí máòsì àti ìṣirò ti dà bí eré, ẹ mú Tux Paint fún àwòrán yíyà àti Klavaro fún kíkọ́ títẹ̀wé. Kiwix náà ṣe kókó: Wikipedia lódindi, tó fi mọ́ ti Yorùbá, á wà nínú laptop láìsí dátà.

Ohun kan tí mo fẹ́ kí gbogbo ilé ṣe nìyí. Ẹ ṣí Keyboard, Layout, ẹ yọ àmì kúrò lórí Use system defaults, kí ẹ yan Right Alt fún Compose key, bọ́tìnnì tó ń pa àmì àti lẹ́tà pọ̀ di ọ̀kan. Bí ọmọ bá tẹ Right Alt, tó fi í sílẹ̀, tó wá tẹ !, tó tẹ s, ṣ á jáde. ! àti e fún un ní ẹ, ! àti o fún un ní ọ, ' àti a fún un ní á. Ọmọ tó ń jẹ́ Ṣadé yẹ kó lè kọ orúkọ ara rẹ̀ pé.

Chromebook, laptop tó jẹ́ pé ChromeOS ti Google ló wà lórí rẹ̀, dáa nílé tí Wi-Fi kì í ti í tán. Kí ẹ tó ra tòkunbọ̀ rẹ̀, ẹ ṣí Settings, About ChromeOS, ẹ wo ọjọ́ tí update rẹ̀ máa parí. Tó bá ń sọ pé ilé ìwé tàbí iléeṣẹ́ kan ló ń darí rẹ̀, kò lè jẹ́ tiyín.

Flash tẹ́ ẹ fi gbé Mint sórí rẹ̀, ẹ má pa á rẹ́. Ẹ kọ orúkọ sí i lára, ẹ tọ́jú rẹ̀. Lọ́jọ́ tí laptop bá kọ̀ láti ṣí, orí flash yẹn lẹ máa ti tàn án, tẹ́ ẹ máa fi kó àwòrán àti iṣẹ́ ilé ọmọ jáde sínú flash mìíràn kí ẹ tó tún gbogbo ẹ̀ gbé sórí rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀.