Fáànù Balùwẹ̀ Wa Ń Fa Oru, Ṣùgbọ́n Òkè Àjà Ni Ó Ń Tú U Sí

Ní oṣù kìíní, ní ọdún kẹta tí a kó wọ ilé tí a rà ní gúúsù ìlà-oòrùn Lọ́ńdọ̀nù, mo gun àkàsọ̀ lọ sí òkè àjà láti gbé àpótí tí ìyàwó mi tọ́jú aṣọ òkè ìgbéyàwó wa sí. Nígbà tí mo tan tọ́ọ̀ṣì, ohun tí ojú mi kọ́kọ́ rí ni àwọn ìṣó tí wọ́n fi kan òrùlé: ẹ̀kán omi kọ̀ọ̀kan rọ̀ sí ṣóńṣó ìṣó kọ̀ọ̀kan, gbogbo wọn sì ń dán nínú òkùnkùn. Lẹ́yìn náà ni mo rí èbu dúdú, irú èyí tí búrẹ́dì máa ń bu tí ó bá pẹ́ nínú ọ̀rá, tí ó ti gba ara igi òrùlé láti ìsàlẹ̀ dé òkè. Ó ti wọ inú àpótí náà pẹ̀lú. Etí gèlè tí ó funfun tẹ́lẹ̀ ti rí tótòtó.

Àṣìṣe mi àkọ́kọ́ ni pé mo gbà pé òrùlé ń jò. Mo san £380 fún kanlékanlé kan, ó pààrọ̀ táìlì mẹ́fà, ó gba owó rẹ̀, ó lọ. Nígbà tí òtútù ọdún tí ó tẹ̀ lé e dé, omi náà tún dé. Ká ní mo ti fara balẹ̀ wo ojú ọjọ́ ni, n kì bá tí ná owó yẹn, nítorí pé ní gbogbo oṣù kẹwàá tí òjò ń rọ̀ láìdáwọ́ dúró, òkè àjà wa gbẹ táútáú. Àárọ̀ tí ojú ọ̀run mọ́ kedere, tí ìrì dídì bo koríko àti gíláàsì ọkọ̀, ni àwọn ìṣó ń kán omi. Òrùlé tí ó ń jò kì í dúró de ọjọ́ tí òjò kò rọ̀.

Bàbá kan tí a jọ ń lọ sí ìjọ, tí ó ti fi ọ̀pọ̀ ọdún ṣe iṣẹ́ ilé ní ìlú yìí, ni ó bá mi gun òkè. Kò tíì lò tó ìṣẹ́jú márùn-ún níbẹ̀ tí ó fi pè mí.

"Àbúrò, òrùlé yín ò jò o. Balùwẹ̀ yín ló ń rọ òjò síbí."

"Ẹ jọ̀ọ́ sà, fáànù wà nínú balùwẹ̀, ó sì ń ṣiṣẹ́ dáadáa."

"Ó ń ṣiṣẹ́ lóòótọ́. Wá wo ibi tó ń bì í sí."

Páìpù ọ̀rá tín-ínrín kan, tí wáyà ká yípo inú rẹ̀, jáde láti ẹ̀yìn fáànù náà, ó wọ́ kọjá lórí òwú tí wọ́n tẹ́ sórí àjà kí ooru ilé má bàa sá lọ, ó sì parí síbẹ̀. Ẹnu rẹ̀ kò dé ìta rárá. Wọ́n ti fi téèpù lẹ̀ ẹ́ mọ́ igi kan rí, téèpù náà ti já, kò sì sí ẹni tí ó mọ̀. Ní àárín, páìpù náà tẹ̀ wọlẹ̀. Nígbà tí bàbá gbé ibẹ̀ sókè, omi tí ó kún kọ́ọ̀bù tíì kan dà sórí òwú.

Ní ilé bàbá mi ní Ìbàdàn, fèrèsé kékeré kan tí a kì í tì ni balùwẹ̀ ní, bí o bá sì wẹ omi gbígbóná, oru rẹ̀ bá ẹsẹ̀ rẹ̀ lọ. N kò ní ìdí kankan láti mọ ibi tí oru ń lọ. Ní ibí yìí, ènìyàn márùn-ún ń wẹ omi gbígbóná nínú ilé tí a ti fèrèsé rẹ̀ pa lójoojúmọ́. Afẹ́fẹ́ gbígbóná máa ń gbé omi púpọ̀ dání, kò sì lè gbé e mọ́ nígbà tí ó bá kan ohun tútù. Ìrì ni yóò sẹ̀. Ìṣó sì ni ó máa ń tutù jù ní òkè àjà. Ohun tí ó yà mí lẹ́nu jù ni pé òwú tí wọ́n ń gbà wá níyànjú láti tẹ́, èyí tí ó nípọn tó mìlímítà 270, máa ń jẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà burú sí i bí oru bá ń wọ ibẹ̀: bí òwú ṣe ń pa ooru mọ́ fún àwa tí a wà nísàlẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni òkè àjà ṣe ń tutù sí i.

Àyẹ̀wò tíṣù tí gbogbo ènìyàn mọ̀ ni ó tàn mí jẹ. Mo ti gbé tíṣù sí ẹnu fáànù náà lọ́pọ̀ ìgbà, ó sì ń lẹ̀ mọ́ ọn pinpin. Gbogbo ohun tí èyí fi hàn ni pé fáànù ń fà. Ẹ jáde síta, kí ẹnì kan tan fáànù nínú ilé, kí ẹ wá ẹnu páìpù lára ògiri tàbí lórí òrùlé. Bí ẹ bá rí ìdérí rẹ̀ tí ó ṣí, tí atẹ́gùn sì ń kan ọwọ́ yín, ó dára. Bí ẹ kò bá rí ẹnu kankan níta, ẹ mú tọ́ọ̀ṣì lọ sí òkè àjà.

Oníṣẹ́ kan dábàá pé kí a gbé ẹnu páìpù sí abẹ́ etí òrùlé, nítorí pé ó rọrùn, kò sì ní dá ihò sára ògiri. Bàbá kọ̀. Abẹ́ etí òrùlé wa ní ihò tí atẹ́gùn ìta ń gbà wọ òkè àjà, nítorí náà oru tí a bá tú síbẹ̀ yóò kàn gba ihò kejì padà wọlé. Ògiri ẹ̀gbẹ́ ilé ni a gbà, nítorí pé kò tó mítà méjì sí fáànù. Páìpù líle tí ẹnu rẹ̀ fẹ̀ tó mìlímítà 100 ni a lò, a jẹ́ kí ó dagẹ̀rẹ̀ díẹ̀ sí ìta kí omi tí ó bá di nínú rẹ̀ lè ṣàn jáde, a fi òwú wé e láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, a sì fi ìdè irin dè é mọ́ ẹnu fáànù, kì í ṣe téèpù. Ẹni tí kò bá lè lo páìpù líle, kí ó fa èyí tí ó ń ká na tantan, kí ó gé èyí tí ó ṣẹ́kù, kí ó má sì jẹ́ kí ó tẹ̀ wọlẹ̀ níbì kankan. Gbogbo ibi tí páìpù bá ti ṣẹ́ kọ́rọ́ ni agbára fáànù ń dín kù. Ìlànà ilé kíkọ́ ní England béèrè pé kí fáànù balùwẹ̀ tí a máa ń tàn tí a sì máa ń pa fa lítà 15 ó kéré tán ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, ṣùgbọ́n iye tí wọ́n kọ sára páálí sábà máa ń jẹ́ ti fáànù tí kò ní páìpù lẹ́yìn. Bí páìpù yín bá gùn, fáànù kékeré olówó pọ́ọ́kú kò ní lè tì í jáde. Èyí tí wọ́n ń so sí àárín páìpù fúnra rẹ̀ ni kí ẹ rà.

A kò fọwọ́ kan wáyà. Oníṣẹ́ iná tí ó ní ìwé ẹ̀rí ni ó so fáànù tuntun, tí ó sì ṣètò rẹ̀ kí ó máa ṣiṣẹ́ fún ìṣẹ́jú 15 lẹ́yìn tí a bá ti pa iná. Ó tún gé ìsàlẹ̀ ilẹ̀kùn balùwẹ̀ kí àlàfo mìlímítà 10 lè wà níbẹ̀, nítorí pé fáànù kò lè fa afẹ́fẹ́ jáde láti inú yàrá tí afẹ́fẹ́ kò ráyè wọ̀.

Ẹ̀bi tèmi náà wà níbẹ̀. Èmi ni mo ti òwú dé etí òrùlé pátápátá, tí mo tún kó báàgì lé e, tí atẹ́gùn ìta kò fi ráyè wọlé mọ́. A fà á sẹ́yìn, a sì fi fóòmù sí etí ilẹ̀kùn àjà kí oru ilé má bàa máa gba ibẹ̀ gòkè.

A kò fọ èbu náà títí igi fi gbẹ. Mo wọ ìbòmú àti ìbọ̀wọ́, n kò sì fi búrọ́ọ̀ṣì gbígbẹ gbá a, nítorí pé ìyẹn yóò fọ́n ọn ká gbogbo ilé. Mo ti kọ́kọ́ fi bílíìṣì gbìyànjú rẹ̀ lára igi kan: ojú igi náà funfun, ṣùgbọ́n kò pẹ́ tí dúdú náà fi padà. Oògùn tí wọ́n ṣe fún èbu gan-an ni a padà lò. Òwú tí ó ti rin ṣinṣin, a kó o dànù.

Ní oṣù kìíní ọdún yìí, ní àárọ̀ tí ìrì dídì bo gbogbo àdúgbò, mo tún gun òkè lọ. Mo fi ìka kan àwọn ìṣó náà níkọ̀ọ̀kan. Ìpẹtà wà lórí wọn, omi kò sí. Gèlè náà kò mọ́ mọ́ láéláé, ṣùgbọ́n ìyàwó mi kọ̀ láti jù ú nù. Abẹ́ bẹ́ẹ̀dì wa ni ó wà báyìí.