Ta Ló Ń Bá Wọn Ya Àgbàdo?

Lánàá tí mo ń bá màmá mi ya àgbàdo lóko wa ní Kuje, ọkàn mi ṣáà ń lọ sọ́dọ̀ àwọn obìnrin àgbẹ̀ Kánádà nígbà Ogun Àgbáyé Kejì. September 1939 ni Kánádà wọ ogun yẹn, àwọn ọ̀dọ́kùnrin abúlé wọṣẹ́ sójà, àwọn míì gba fáktìrì lọ, ó wá ku ìyàwó ilé, bàbá arúgbó àtàwọn ọmọ iléèwé, àwọn ló ń fún wàrà màlúù ní kùtùkùtù, àwọn náà ló ń kórè wíìtì. Ní Ontario, wọ́n kó àwọn ọmọbìnrin sẹ́kọ́ńdìrì wá láti ìgboro kí wọ́n wá ṣa èso, Farmerettes ni wọ́n ń pè wọ́n. Láti 1942, kúpọ́ọ̀nù, ìyẹn ìwé tí ìjọba fi ń díwọ̀n oúnjẹ fún kálukú, ni wọ́n fi ń ra ṣúgà, tíì, kọfí àti bọ́tà. Síbẹ̀ wọ́n ń hun sọ́ọ̀kì ránṣẹ́ sáwọn sójà o!

Ọdún 1942 yẹn náà ni ìjọba Gẹ̀ẹ́sì bẹ̀rẹ̀ sí fipá kó àwọn àgbẹ̀ níhìn-ín lókè ọya lọ wa kùsà ní Jos nítorí ogun yẹn kan náà. Ó dùn mí gan-an.

Mo sọ gbogbo ẹ̀ fún màmá. Wọ́n gbé apẹ̀rẹ̀ sílẹ̀, wọ́n ní, "Ọmọ mi, àwọn ọmọ tó lọ ńkọ́, ṣé wọ́n padà wálé?"