Àwọn Àwòrán Tó Pa Mí Lẹ́rìn-ín Lọ́dún Yìí

Láti oṣù kìíní ọdún yìí ni mo ti ń kó àwọn àwòrán apanilẹ́rìn-ín tí mo bá pàdé lórí íntánẹ́ẹ̀tì pamọ́ sí ojú kan lórí fóònù mi, irú àwọn àwòrán lásán tí ènìyàn kì í wá kiri, àmọ́ tí wọ́n máa ń yọ síni lójijì lálẹ́ nígbà tí a bá ń fi ìka ti ojú fóònù sókè lẹ́yìn iṣẹ́ òòjọ́. Lánàá, mo jókòó, mo sì yẹ̀ wọ́n wò lọ́kọ̀ọ̀kan. Wọ́n jẹ́ 163. Ọdún náà kò rọrùn fún mi rárá, mo sì mọ̀ pé lọ́pọ̀ alẹ́, ọ̀kan nínú wọn ló kọ́kọ́ mú mi túra ká.

Ojú tí kì í ṣe ojú ló pọ̀ jù nínú wọn: sọ́kẹ́ẹ̀tì iná tó dà bí ẹni tí ẹ̀rù bà, báàgì tó fajú ro, ilé tí fèrèsé àti ilẹ̀kùn rẹ̀ jọ ẹni tó ń yán. Ọpọlọ wa yára rí ojú débi pé àmì méjì lókè àti ìlà kan nísàlẹ̀ ti tó o. Bẹ́ẹ̀ náà ló rí ní ọdún 1976, nígbà tí ọkọ̀ òfuurufú Viking 1 ti NASA, àjọ ìwádìí òfuurufú ilẹ̀ Amẹ́ríkà, ya àwòrán òkè kan lórí pílánẹ́ẹ̀tì Mars, tí òjìji sì sọ òkè náà di ojú ènìyàn.

Àwòrán ajá kan ni mo dúró wò pẹ́ jù lọ. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde nínú omi, ó ń gbọn ara, kámẹ́rà sì mú un nígbà tí etí rẹ̀ kan wà lókè, tí èkejì bò ó lójú, tí ètè rẹ̀ sì fò sí ẹ̀gbẹ́ bí aṣọ tí afẹ́fẹ́ ń fẹ́. Ká ní mo wà níbẹ̀, n kò ní rí i, nítorí pé kò tó ìṣẹ́jú àáyá kan tó fi kọjá. Ajá náà kò pàdánù ohunkóhun, ìdí nìyẹn tí ẹ̀rín náà fi dùn mọ́ mi.

N kò lè sọ bẹ́ẹ̀ nípa àwọn 12 kan. Ènìyàn ló wà nínú wọn: ẹni tó sùn lọ nínú ọkọ̀ èrò, obìnrin tó yọ̀ ṣubú tí ẹrù rẹ̀ fọ́n ká. Kò sí ẹni tó tọrọ àyè lọ́wọ́ wọn. Mo ti rẹ́rìn-ín sí wọn nígbà kan, ó sì dùn mí. Mo pa gbogbo wọn rẹ́.

Ti ológbò ló kù. Mo ti rò pé ìran tiwa ló bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ọ̀rọ̀ sí ara àwòrán ológbò, títí mo fi kà nípa Harry Pointer, onífọ́tò kan ní ìlú Brighton nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tó ti ń ṣe bẹ́ẹ̀ láàárín ọdún 1870 sí 1880. Èyí tí àbúrò mi obìnrin fi ránṣẹ́ sí mi ní oṣù kẹjọ kò ní ọ̀rọ̀ kankan lára. Oṣù mẹ́ta gbáko ni a ti wà láìkí ara wa. Ológbò náà fi orí pamọ́ sẹ́yìn aṣọ fèrèsé, gbogbo ara rẹ̀ yòókù sì wà ní gbangba. Mo rẹ́rìn-ín músẹ́, mo sì pe àbúrò mi. Ìgbà tí mo gbọ́ ohùn rẹ̀ ni ẹ̀rín gidi tó dé, a sì jọ rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi. Onímọ̀ ìjìnlẹ̀ ará Amẹ́ríkà kan, Robert Provine, rí i pé ènìyàn máa ń rẹ́rìn-ín láàárín àwọn ẹlòmíràn ní ìlọ́po 30 ju ìgbà tó bá dá wà lọ, mo sì gbà á gbọ́ láti ọjọ́ náà. Àwòrán yẹn wà lára 151 tó kù, n kò sì ní pa á rẹ́.