Ẹrù Aláàárù

11 oṣù kọkànlá

Aago mọ́kànlá òwúrọ̀ yìí ni mo dìde dúró, mo dákẹ́ fún ìṣẹ́jú méjì nítorí àwọn tó kú sójú ogun. Ìṣẹ́jú méjì ò tó nǹkan lẹ́nu, àmọ́ ẹ gbìyànjú ẹ̀ wò. Ìṣẹ́jú kan ò tíì pé tí ọkàn mi ti sá lọ bá aṣọ tí mo sá síta. Ojú tì mí. Mo ní kí n kúkú ronú kan ẹnì kan pàtó, kí n yé pe gbogbo wọn ní "àwọn akọni wa". Aláàárù ló wá sí mi lọ́kàn.

Ó ti tó ọjọ́ mélòó kan tí mo ti ń kà nípa Ogun Àgbáyé Kìíní ní Ìlà Oòrùn Áfíríkà. Ọ̀nà mọ́tò ò tó nǹkan níbẹ̀, eṣinṣin tsetse sì ń pa ẹṣin àti ìbaaka. Orí èèyàn ló ru ogun náà: ọta ìbọn, oúnjẹ, àgọ́, títí kan àwọn tó fara gbọgbẹ́. Wọ́n ní ikú ogun ní í pa akíkanjú. Ti aláàárù ò rí bẹ́ẹ̀. Ibà ló pa á, tàbí ìgbẹ́ ọ̀rìn, tàbí ebi. Bó bá ṣubú, wọ́n á gbé ẹrù rẹ̀ ru ẹlòmíì, ìrìn á máa lọ.

Àjọ tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì dá sílẹ̀ ní 1917 láti máa tọ́jú sàréè àwọn tó kú sógun là á kalẹ̀ pé ọ̀gá ò ní ju ọmọ ogun lásán lọ: òkúta kan náà, orúkọ kálukú lára tirẹ̀. Mo fẹ́ràn èyí gan-an, àfìgbà tí mo ka ìwádìí tí àjọ náà fúnra ẹ̀ gbé jáde ní 2021. Ó kéré tán, èèyàn 116,000, wọ́n sì lè tó 350,000, ni kò lórúkọ níbi ìrántí kankan, tàbí tí wọn ò tilẹ̀ rántí rárá. Àwọn ará Ìlà Oòrùn Áfíríkà àti Íjíbítì ló pọ̀ jù nínú wọn. Ní 1923, gómìnà Gold Coast, tó ń jẹ́ Ghana lónìí, sọ pé òkúta sàréè ò lè yé ọmọ ìbílẹ̀ ibẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo kà á. Àbí ìyá tí ọmọ rẹ̀ ò padà wálé, orúkọ ọmọ náà ni kò ní yé e?

Aago mọ́kànlá tí a fi ń dákẹ́ yìí pàápàá, ti Yúróòpù ni: aago yẹn, ní ọjọ́ 11 oṣù kọkànlá, ni ogun dáwọ́ dúró níbẹ̀. Lọ́jọ́ náà gan-an ní 1918, àwọn ọmọ ogun Jámánì ṣì ń rìn lọ nínú igbó ibi tó ń jẹ́ Zambia lónìí, ìròyìn ò tíì dé ọ̀dọ̀ wọn. Ọjọ́ 25 oṣù náà ni ọ̀gágun wọn, Paul von Lettow-Vorbeck, tó kó ohun ìjà sílẹ̀ ní Abercorn. Ìbọn ti dákẹ́ ní Faransé, ẹrù ṣì wà lórí aláàárù.

Nígbà tí mo fi máa wo aago, ó ti lé ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Mi ò tíì jókòó.