Lílì àti ixora: ohun tí a ó fi du ọ̀kọ̀ọ̀kan kó tó lè tanná

Ẹni tó bá yà lọ́dọ̀ àwọn tó ń ta òdòdó lẹ́bàá títì, ní Èkó tàbí n'Íbàdàn, tó ní òdòdó pupa lòun ń wá, nǹkan méjì ni wọ́n sábà máa ń nà sí i: lílì inú ìkòkò, tàbí ixora inú ọ̀rá dúdú. Pupa ni méjèèjì lóòótọ́, ṣùgbọ́n ìwà wọn ò jọra rárá. Lílì ń kó oúnjẹ pamọ́ sínú iṣu rẹ̀, ó ń sùn, ó ń jí, ó ń tanná fún ọjọ́ díẹ̀, ó di ọdún mìíràn. Igi ni ixora, kì í sùn ní tiẹ̀. Bí oòrùn bá tó o, kò sí oṣù tí kò lè tanná. Àìtọ́jú kọ́ ló sì ń ba méjèèjì jẹ́ mọ́ wa lọ́wọ́, ìtọ́jú àṣejù ni: omi tí à ń bu fún lílì nígbà tó yẹ kó sinmi, àti àlùmọ́gàjí tí a ò jẹ́ kó kúrò lórí ixora.

Kí orúkọ má baà dà wá lójú rú, lílì tí mò ń sọ ni èyí tí ewé rẹ̀ gùn gbọọrọ bíi bẹ́líìtì, tí òdòdó rẹ̀ la ẹnu bíi ti fèrè, tí àwọn onímọ̀ ewéko ń pè ní Hippeastrum. Gúúsù Amẹ́ríkà ni orírun rẹ̀. Amaryllis ni ọ̀pọ̀ àwọn tó ń tà á ń pè é, bẹ́ẹ̀ ọmọ Gúúsù Áfíríkà ni amaryllis gan-an, ọ̀tọ̀ ni òun. Ixora tí mo ń bá a wé ni Ixora coccinea, ará Íńdíà àti Sri Lanka, ìbátan kọfí, ìbátan òrúwo ilé wa pẹ̀lú.

Ẹ mú iṣu lílì kan tó ti ń jẹrà lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ẹ fi ọ̀bẹ là á sí méjì láti ọrùn dé ìdí. Ìpele-ìpele lẹ máa bá nínú rẹ̀, bíi ti àlùbọ́sà. Ìdí ewé àtijọ́ ni ìpele kọ̀ọ̀kan, ibẹ̀ ló kó oúnjẹ sí. Nísàlẹ̀ pátápátá, ohun líle kan wà tó rí pẹlẹbẹ bí ìdérí ìgò, ibẹ̀ ni gbòǹgbò ń gbà jáde. Bí ẹ bá wá fara balẹ̀ wo àárín àwọn ìpele náà, ẹ máa rí ọmọ òdòdó tíntìntín, funfun, tó há sáàárín wọn. Lẹ́yìn ewé mẹ́rin-mẹ́rin ni iṣu yìí ń dá òdòdó kan sílẹ̀, òdòdó náà á sì lò tó nǹkan bí ọdún kan nínú iṣu kó tó jáde. Ẹni tó bá ń gé ewé tútù lílì torí pé òdòdó ti rọ, òdòdó ọdún tó ń bọ̀ ló ń gé. Lílì tó bá sì yọ ewé méjì péré jálẹ̀ ìgbà òjò, ẹ má retí nǹkan kan lọ́wọ́ rẹ̀ lọ́dún tó tẹ̀ lé e.

Nígbà tí ẹ bá fẹ́ rà á, ìdí ni kí ẹ wò, ẹ má wo ewé. Ẹ fi àtàǹpàkò tẹ iṣu náà, ó gbọ́dọ̀ le. Ẹ fi okùn yí i ká. Bí okùn bá tó 24 sẹ̀ǹtímítà, ó ti tó ẹni tó ń yọ ọ̀pá òdòdó kan dáadáa, ó sì lè yọ méjì. (Irú aláwọ̀ ọsàn tó ti pẹ́ nínú ọgbà wa, iṣu tiẹ̀ kéré, ó sì ń tanná láì dé ìwọ̀n yẹn.) Ìkòkò tó fi 3 sí 5 sẹ̀ǹtímítà fẹ̀ ju iṣu lọ ló dára jù. Ìkòkò ńlá ń gba omi púpọ̀ dúró, iṣu á sì jẹrà. Ilẹ̀ dúdú ìwọ̀n méjì, yanrìn ìwọ̀n kan, ìgbẹ́ màlúù tó ti jẹrà dáadáa ìwọ̀n kan, ẹ pò wọ́n pọ̀. Ẹ gbin iṣu náà débi tí ọrùn rẹ̀ àti ìdá kan nínú mẹ́ta ara rẹ̀ á fi yọ síta. Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù nìyí o: a máa ń rì í mọ́lẹ̀ bí ẹni gbin iṣu ewùrà, omi á dúró sí ọrùn rẹ̀, á rọ̀, á máa rùn. Bó bá jẹ́ ilẹ̀ gbalasa lẹ fẹ́ gbìn ín sí, tí ilẹ̀ ibẹ̀ sì jẹ́ amọ̀, ẹ kọ ebè tó ga tó 15 sẹ̀ǹtímítà, kí ẹ sì fi 20 sí 30 sẹ̀ǹtímítà sáàárín iṣu kan àti èkejì.

Láti ìbẹ̀rẹ̀ òjò dé oṣù kẹwàá, ẹ jẹ́ kó jẹun. Ajílẹ̀ NPK 15:15:15, ṣíbí ìpotíì kan fún iṣu kọ̀ọ̀kan lóṣooṣù, kó jìnnà díẹ̀ sí ara iṣu, kí ẹ sì bomi sí i lẹ́yìn rẹ̀. Bí òdòdó bá rọ, ẹ já òdòdó nìkan kó má baà so èso. Ẹ fi ọ̀pá rẹ̀ sílẹ̀ títí á fi pọ́n, nítorí àwọ̀ ewé tó ní yẹn ṣì ń ṣiṣẹ́ fún iṣu. Láti ìparí oṣù kọkànlá wàyí, ẹ dá omi dúró pátápátá, fún ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ sí mẹ́wàá. Ewé á pọ́n, a sì lè rí èyí tí kò ní pọ́n tán. Ẹ má jẹ́ kí àánú ṣe yín. Ọyẹ́ ilẹ̀ wa fẹ́ràn lílì. Àwa la máa ń na rọ́bà omi sí gbogbo ohun tó wà nínú ọgbà lálaalẹ́, tí a ó sì máa ṣe kàyéfì pé ọdún mẹ́ta rèé, ewé nìkan ni.

Kòkòrò kan wà tó ń pa lílì. Dúdú ni, ó ní àmì funfun àti ìyeyè lára, labalábá òru ló sì ń yé ẹyin rẹ̀ sí ewé, ní òkìtì-òkìtì. Àwọn ọmọ rẹ̀ á wọ inú ewé, wọ́n á máa jẹ ẹran rẹ̀ títí ewé á fi dà bí ọ̀rá tí ìmọ́lẹ̀ ń là kọjá, wọ́n á sì sọ̀ kalẹ̀ wọnú iṣu. Ìyára ni oògùn rẹ̀. Ẹ máa yí ewé wò láàárọ̀, kí ẹ fọwọ́ ṣa ohun tí ẹ bá rí. Iṣu tí wọ́n bá ti wọ̀, ẹ hú u, ẹ gé ibi tó ti jẹrà kúrò títí ẹ ó fi kan ibi funfun, ẹ gbé e sí ibòji fún ọjọ́ mẹ́ta tàbí mẹ́rin kí ojú ọgbẹ́ gbẹ, kí ẹ tó tún un gbìn. Bó bá jẹ́ àpá pupa bí ẹ̀jẹ̀ lẹ rí lórí ewé àti ọ̀pá, àrùn olú ni ìyẹn. Ẹ gé ewé náà dànù, kí ẹ sì máa bomi sí ilẹ̀ nìkan, kì í ṣe sórí ewé.

Iṣu yìí kì í ṣe ohun jíjẹ rárá. Májèlé inú rẹ̀ ń mú èébì àti ìgbẹ́ gbuuru wá, ó sì jọ àlùbọ́sà púpọ̀. Ẹ má gbé e sí tòsí ilé ìdáná, ẹ má sì jẹ́ kí ajá hú u. Ixora kò ní irú ewu yìí. Àwọn ọmọdé ilé wa mọ bí wọ́n ti ń fa òpó òdòdó rẹ̀ yọ láti lá omi adùn ìdí rẹ̀. Àmọ́ èyí tí wọ́n bá fín oògùn kòkòrò sí lára, kí ọmọ má fi ẹnu kàn án.

Ó kan ixora. Oòrùn wákàtí mẹ́fà lójúmọ́ ló ń wá. Lábẹ́ igi máńgòrò, ewé lásán lẹ máa rí. Kòtò rẹ̀ kí ó fẹ̀ kó sì jìn tó 40 sẹ̀ǹtímítà. Fún igi odi, 45 sẹ̀ǹtímítà láàárín kan sí èkejì tó fún irú kúkúrú, èyí tó túmọ̀ sí igi 23 fún mítà 10. Irú gíga ń fẹ́ 60 sí 90. Ẹ lo omi dáadáa lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, kí ẹ sì fi ewé gbígbẹ bo ilẹ̀ ìdí rẹ̀, kó má kan ara igi.

Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń ṣìnà ni ògiri. Ilẹ̀ tó kan díẹ̀ bí ọsàn ni ixora fẹ́, èyí tí òǹkà kíkan rẹ̀ (pH) wà láàárín 5 sí 6. Àwa sì ń gbìn ín mọ́ ìdí fẹ́ǹsì tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ rẹ́, níbi tí àwọn bíríkìlà da àjákù sìmẹ́ǹtì sí. Ẹfun inú sìmẹ́ǹtì á mú kíkan ilẹ̀ kúrò, gbòǹgbò ò sì ní rí irin inú ilẹ̀ fà mọ́. Àmì rẹ̀ kò ṣeé ṣì mú: ewé tuntun orí ẹ̀ka á pọ́n ràkọ̀ràkọ̀, iṣan inú rẹ̀ á sì dúró ní tútù, bí àwọ̀n. Bó bá jẹ́ ewé àgbà ìsàlẹ̀ ló pọ́n, oúnjẹ lásán ni ebi rẹ̀ ń pa á, ọ̀rọ̀ ajílẹ̀ ni. Ẹ kó àwókù inú ilẹ̀ dànù kí ẹ tó gbìn ín, kí ẹ sì jìnnà sí ògiri tó mítà kan. Ẹ má da eérú sí ìdí rẹ̀, ìkan náà ni pẹ̀lú ẹfun. Ìgbẹ́ adìẹ tó ń yé ẹyin pàápàá ní ẹfun nínú látara oúnjẹ wọn. Ti màlúù ló dára jù. Fún èyí tó ti pọ́n, ferrous sulphate (èròjà tó ní irin nínú) ṣíbí ìpotíì kan nínú omi lítà 5, ẹ fín in sórí ewé nírọ̀lẹ́, kí ẹ tún un ṣe lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì. Ewé á padà tutù, ṣùgbọ́n bí ilẹ̀ kò bá yí padà, á tún pọ́n.

Lẹ́yìn ìyẹn ni àlùmọ́gàjí. Ṣóńṣó orí ẹ̀ka tuntun ni òdòdó ixora ń jókòó sí, ó sì ń gba nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́fà sí mẹ́jọ lẹ́yìn gígé kí ẹ̀ka tuntun tó dàgbà débi òdòdó. Ẹni tó ń tọ́jú ọgbà á wá lóṣù, á gé e kó gún régé bí àpótí. Oṣù tó tẹ̀ lé e, ó tún dé. Òdòdó tó fẹ́ la ojú, ó ti wà nílẹ̀ẹ́lẹ̀. Inú máa ń bí mi bí mo bá rí ixora tó ti lo ọdún márùn-ún nídìí ilé kan láì tanná rí. Ẹ̀ẹ̀mejì lọ́dún tó: lẹ́yìn tí òdòdó bá rọ, àti nígbà tí òjò bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀. Ẹ má gé ju ìdá kan nínú mẹ́ta lọ lẹ́ẹ̀kan.

Bí ewé bá dúdú bí ìdí ìkòkò, tí èèrà ń lọ ń bọ̀ lórí ẹ̀ka, ẹ wo abẹ́ ewé: kòkòrò funfun bí òwú tàbí èyí tó lẹ̀ mọ́ igi bí èépá wà níbẹ̀. Ọṣẹ olómi ṣíbí ìjẹun kan nínú omi lítà 4, ẹ fín in nírọ̀lẹ́, ẹ tún un fín lọ́jọ́ keje.

Ẹni tó fẹ́ bo ògiri, ixora ni kó gbìn, lílì ò lè bá a ṣe é láéláé. Ẹni tí kò ní ju bákónì lọ, lílì ni tirẹ̀. Ẹni tó ní àyè fún méjèèjì, kí ó ṣọ́ra, nítorí ẹ̀ẹ̀rùn tí ixora ń bẹ̀bẹ̀ fún omi náà ni lílì fẹ́ gbẹ. Ọ̀nà tí mo fara mọ́ ni kí lílì wà nínú ìkòkò, kí ẹ ri ìkòkò náà sínú ilẹ̀ níwájú ixora, kí ó fi 60 sẹ̀ǹtímítà jìnnà sí i. Tó bá di ìparí oṣù kọkànlá, ẹ hú ìkòkò náà, ẹ dà á dùbúlẹ̀ lábẹ́ òrùlé níbi tí òjò ò ti lè dé, kí ẹ sì máa bomi rin ixora lọ ní tiyín. Ní oṣù kejì, ẹ gbé e padà, ẹ bu omi díẹ̀ sí i. Ohun tó bá kọ́kọ́ yọ lórí, ẹ wò ó dáadáa: ewé máa ń rí pẹlẹbẹ, orí rẹ̀ á sì ká roboto, òdòdó a máa nípọn, ṣóńṣó orí rẹ̀ á sì rí bíi ti ọ̀kọ̀. Bó bá jẹ́ ọ̀kọ̀ lẹ rí, ẹ máa yí ìkòkò náà díẹ̀ lójoojúmọ́, nítorí ọ̀pá rẹ̀ ṣófo nínú bí ọ̀pá ewé ìbẹ́pẹ, bó bá sì tẹ̀ sápá kan torí oòrùn, ó lè dá.