Iṣẹ́ ni kí ẹ fi sáàárín wọn

Ẹ̀yin àbúrò mi tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bọ̀ sẹ́nu iṣẹ́ ìdàgbàsókè ìlú, ìpàdé àkọ́kọ́ tí mo pè ní Ọ̀fà láti fi so tàgbà tèwe pọ̀ dàrú mọ́ mi lọ́wọ́. Mo to àga síwájú fún àwọn bàbá àti ìyá, mo to bẹ́ǹṣì sẹ́yìn fún àwọn ọ̀dọ́, mo sì gbé gbohùngbohùn lé àgbà lọ́wọ́. Odidi wákàtí méjì ni wọ́n fi gbani níyànjú: ẹ má mutí, ẹ má lu jìbìtì, ẹ máa kí àgbà bó ṣe yẹ. Kò sí èyí tó jẹ́ irọ́ níbẹ̀. Ṣùgbọ́n fóònù làwọn ọmọ ń tẹ̀, kí a sì tó pín oúnjẹ tán, bẹ́ǹṣì ti ṣófo. Bàbá kan fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, wọ́n ní, "Ọmọ mi, ìbéèrè tẹ́nì kan ò bi wá lo pè wá wá dáhùn."

Ọ̀rọ̀ yẹn kò jẹ́ kí n sùn. Ní yunifásítì, wọ́n ti kọ́ wa nípa Foster Grandparents, ètò tí ìjọba Amẹ́ríkà dá sílẹ̀ ní 1965, níbi tí àwọn àgbà tí kò lówó lọ́wọ́ ti ń lọ dúró ti àwọn ọmọ tó nílò àbójútó, tí wọ́n sì ń gba owó díẹ̀ fún un. Mo kà á yege ìdánwò, àmọ́ kókó rẹ̀ fò mí ru: wọn ò pe àgbà wá wàásù. Iṣẹ́ ni wọ́n fún un, ọmọ kan sì wà níbì kan tó ń retí rẹ̀.

Ni mo bá mú gbígbin ànàmọ́ ṣe iṣẹ́ tí tàgbà tèwe yóò jọ ṣe. Ta ni kò mọ ànàmọ́ Ọ̀fà? A tọrọ ilẹ̀ díẹ̀. Ọmọkùnrin kan ki ìtàkùn tirẹ̀ bọ ebè lóòró ṣánṣán. Ìyá kan tó ti lé ní ẹni àádọ́rin ọdún fà á tu, wọn ò bá a wí. Wọ́n dà á tẹ̀, wọ́n fi ìka ka kókó ara rẹ̀, "ọ̀kan, èjì, ẹ̀ta," wọ́n rì í mọ́lẹ̀, ó ku orí rẹ̀ níta. "Ojú kókó yìí ni gbòǹgbò ti ń yọ. Tó o bá fi í síta, kí lo fẹ́ kó ta?" Nígbà tí ebè bẹ̀rẹ̀ sí í sán, Ìyá tún dé, wọ́n ń fi ẹsẹ̀ dí ojú rẹ̀, torí ibẹ̀ ni kòkòrò ń gbà wọlé bá ànàmọ́.

Kí oṣù mẹ́rin tó pé, ọmọ tí kò mọ̀ ju "Ìjàkadì lorò Ọ̀fà" lọ ti ń bi wọ́n pé, "Ìyá, kí ló dé tó fi jẹ́ ìjàkadì?" Ohun tí mo wá tì nínú gbọ̀ngàn nìyẹn.

Lọ́jọ́ tí a wa ànàmọ́, ọ̀rọ̀ yí padà. Àwọn ọmọ ya fọ́tò sórí WhatsApp, wọ́n gbé POS jáde, Ìyá wá ń béèrè bí owó tí wọn ò fojú rí ṣe ń wọlé. Ẹ má fojú kéré èyí o. Àgbà náà gbọ́dọ̀ ní ohun tí yóò bi ọmọdé.

Ẹ wo àkókò ìrun kí ẹ tó dá ọjọ́. Ẹ sì ṣètò owó ọkọ̀ àgbà, torí wọn ò ní sọ fún yín pé owó ọ̀kadà ni kò sí. "Ara mi ò yá" ni ẹ ó gbọ́. Mo ti ń wá owó yẹn kiri kí n tó rí i pé, láti ọ̀sẹ̀ kẹta, ọmọkùnrin tó gbin ìtàkùn lóòró ló ń fi ọ̀kadà bàbá rẹ̀ gbé Ìyá wá sóko. Mi ò rán an.