Stéèjì máníjà tuntun, etí ẹ ni kó o kọ́kọ́ múra sílẹ̀

Ilé-Ifẹ̀, alẹ́ Ọjọ́rú

Àbúrò mi kan tó ń kọ́ṣẹ́ tíátà ní OAU níbí pè mí lọ́sàn-án, wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fi í ṣe stéèjì máníjà, ìyẹn ẹni tó ń mú kí gbogbo nǹkan lọ létòlétò lórí ìtàgé, fún eré kan tí wọ́n fẹ́ gbé jáde, ó ní "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jọ̀ọ́, kí ni mo máa kọ́kọ́ ṣe, ẹ̀rù ń bà mí o." Mo ní kó wá bá mi nírọ̀lẹ́, a sì jókòó sọ̀rọ̀ títí ilẹ̀ fi ṣú pátápátá. Mo fẹ́ kọ ọ́ síbí kó lè wúlò fún ẹlòmíì tí wọ́n bá gbé irú iṣẹ́ yìí lé lọ́wọ́, torí àwọn èèyàn kì í sábà kọ nípa ẹ̀ lédè wa, bẹ́ẹ̀ tí stéèjì máníjà ò bá mọ ohun tó ń ṣe, gbogbo ẹni tó wà lórí ìtàgé ni ọkàn ẹ̀ ò ní balẹ̀.

Mo kọ́kọ́ ní kó lọ ra fáìlì ńlá kan, kó tẹ script náà sójú kan bébà, kó fi ojú tó kọjú sí i sílẹ̀ lófìfo. Prompt book nìyẹn. Ọ̀rọ̀ eré wà lápá kan, apá kejì lo máa kọ ibi tí òṣèré kọ̀ọ̀kan gbà wọlé sí, ibi tó dúró, ìgbà tó jókòó, ìgbà tí iná yí, ìgbà tí ìlù wọlé. Pẹ́ńsùlù ni kó o fi kọ ọ́, má fi bírò kọ ọ́ rárá, torí olùdarí á yí nǹkan padà lónìí á tún yí i padà lọ́la, ẹ̀tọ́ ẹ̀ sì ni. Kọ ọ́ dé ibi pé tára ẹ ò bá yá lọ́jọ́ eré, ẹlòmíì á lè ṣí i, á sì bá ẹ mú eré náà dé ìparí láìpè ẹ́ lórí fóònù. Ọ̀tún àti òsì tí wàá máa kọ, ti òṣèré tó kọjú sí òǹwòran ni o, kì í ṣe ti ẹni tó jókòó ń wòran. Àmọ́ tó bá jẹ́ eré inú àgbàlá, táwọn èèyàn jókòó yí i ká, irú èyí tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ní gbọ̀ngàn Orí Olókun ní Ifẹ̀ níbí ní 1968, kò sí ọ̀tún kò sí òsì mọ́ níbẹ̀. Ojú aago ni kó o fi ṣe é: mú ibì kan tí kì í yí padà, bíi ẹnu ọ̀nà, kó o pè é ní aago méjìlá, òṣèré wá lè dúró sí aago mẹ́ta tàbí kó rìn láti mẹ́sàn-án lọ sí mẹ́fà, gbogbo ẹni tó bá ka ìwé yẹn á mọ ibi tó wà.

Yàrá ìkẹ́kọ̀ọ́ ni wọ́n ti máa ń ṣe rìhásà ọ̀pọ̀ ìgbà, àga àti tábìlì ló kún ibẹ̀. Kó àga sẹ́gbẹ̀ẹ́, mú tépù ìwọ̀n, kó o wọn bí ìtàgé gangan ṣe fẹ̀ tó, kó o wá fi tépù aláwọ̀ lẹ ibi tí ògiri, ilẹ̀kùn àti àtẹ̀gùn máa wà mọ́lẹ̀. Ìran kìíní lè jẹ́ pupa, ìran kejì búlúù. Òṣèré tó bá ti mọ̀ láti ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ pé ìṣísẹ̀ mẹ́fà ni láti ẹnu ọ̀nà dé ibi ìtẹ́ ọba kò ní ṣẹ̀ṣẹ̀ máa wá ẹsẹ̀ ẹ̀ kiri lálẹ́ eré.

Ó bi mí léèrè ọ̀rọ̀ àsìkò, mo rí i pé ìyẹn ló ń bà á lẹ́rù jù. Ní ìlànà àwọn Gẹ̀ẹ́sì tí ọ̀pọ̀ nínú wa bá nílẹ̀, tí eré bá jẹ́ aago méje alẹ́, ohun tí wọ́n ń pè ní half, ìyẹn ìpè pé ó ku ìdajì wákàtí, kì í ṣe aago mẹ́fà ààbọ̀ o, 6:25 ni. Ìdí ni pé 6:55 ni àwọn tó máa kọ́kọ́ wọlé gbọ́dọ̀ ti wà láyè wọn, àwọn tí wọ́n ń pè ní beginners, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń ka àsìkò padà sẹ́yìn, nítorí náà quarter á bọ́ sí 6:40, five á bọ́ sí 6:50. Tó o bá lọ pe àsìkò lẹ́nu yàrá ìmúra, dúró kí wọ́n dá ẹ lóhùn. Ẹni tí ò bá dáhùn, wọlé lọ wò ó, ó lè jẹ́ pé gèlè ló ń wé lọ́wọ́, ó sì lè jẹ́ pé kò tíì dé rárá. Kí ìwé kan wà lẹ́nu ọ̀nà tí kálukú á ti fọwọ́ sí i tó bá ti dé, kó má lọ jẹ́ pé nígbà half lo máa ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ ẹni tí ò sí nílé.

Àwọn àgbà ńkọ́? Ó ní "báwo ni màá ṣe sọ fún bàbá tó ti ń ṣe tíátà kí wọ́n tó bí mi pé wọ́n pẹ́ dé?" Mo ní o ò ní sọ ọ́ níṣojú èèyàn. Jẹ́ kí rìhásà parí, lọ bá wọn níbi tí wọ́n jókòó sí, kúnlẹ̀ kí wọn dáadáa, kó o ní "Bàbá, ẹ kú iṣẹ́ o, lọ́la aago mẹ́rin la fẹ́ bẹ̀rẹ̀, ìran tiyín ló sì ṣáájú, ẹ jọ̀ọ́ sà, mo fẹ́ kẹ́ ẹ bá wa débẹ̀ ní mẹ́rin ku ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún." Lálẹ́, tún fi ránṣẹ́ sí fóònù wọn. Ìbọ̀wọ̀ kò ní kí àsìkò má jẹ́ àsìkò, àgbà tó o bá bá sọ̀rọ̀ báyẹn, òun fúnra ẹ̀ ló máa bá ẹ lé àwọn ọ̀dọ́ tó bá ń pẹ́. Àmọ́ ìwọ náà gbọ́dọ̀ parí rìhásà nígbà tó o sọ pé o máa parí. Ẹni tó ń ti Iléṣà wá, bí ọgbọ̀n kìlómítà ni, tó o bá dá a dúró di aago mẹ́sàn-án alẹ́, ibo ló ti fẹ́ rí mọ́tò? Kó o tó ṣe ètò rìhásà rárá, bèèrè lọ́wọ́ kálukú: ta ló ń lọ Jímọ̀, ta ló ní ìsọjí, ta ló ní ìdánwò, ta ló ní ọmọ tó fẹ́ lọ gbé níléèwé.

Ibi tí mo ti fẹ́ kó fetí sí mi jù ni ọ̀rọ̀ ìlù, mo sì pẹ́ gan-an lórí ẹ̀. Ìwé tí wọ́n fi ń kọ́ni níṣẹ́ yìí, ọ̀rọ̀ ẹnu òṣèré ni wọ́n sábà máa ń so kíù mọ́, ìyẹn àmì pé kí nǹkan kan ṣẹlẹ̀, òṣèré sọ báyìí, iná yí. Nínú eré tiwa, ìyáàlù ló ń sọ̀rọ̀ tí iná fi ń yí, òun ló ń sọ̀rọ̀ tí ọba fi ń dìde, tí àwọn oníjó fi ń jáde, onílù kì í sì í ka script. Lálẹ́ kan ó lè ki oríkì fún ìṣẹ́jú kan, lálẹ́ kejì kí òǹwòran dìde, kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í náwó fún un, á ki í di ìṣẹ́jú mẹ́rin, kò sì ṣe ohun tó burú, bí iṣẹ́ ẹ̀ ṣe rí nìyẹn, adùn eré wa sì nìyẹn. Tó bá jẹ́ pé aago lò ń wò láti fún oníná ní kíù, wàá pa iná mọ́ bàbá onílù lójú níbi tí oríkì ti ń dùn lọ́wọ́.

Ohun tí mo ní kó ṣe nìyí. Kó lọ bá bàbá onílù nígbà tí ìlù ò dún, kó kí i, kó ní "Bàbá, kí lẹ máa fi parí kí ọba tó dìde?" Á lù ú fún ẹ. Bẹ̀ ẹ́ kó tún un lù. Bi í pé kí ni ìlù náà ń wí, kó o kọ gbólóhùn yẹn sínú prompt book bó ṣe sọ ọ́ fún ẹ, pẹ̀lú àmì ohùn tó péye, torí ohùn yẹn gan-an ni wàá máa dẹtí sílẹ̀ fún. Kí ó tó dé gbólóhùn yẹn, gbogbo ohun tó bá wù ú ni kó lù. Tó bá ti mú un lẹ́nu, standby nìyẹn, kí oníṣẹ́ múra. Tó bá já a sílẹ̀, go, kó ṣe é. Gúdúgúdú kì í sọ̀rọ̀ bíi ti ìyáàlù, àmọ́ òun ló ń di ìlù mú sójú kan, tí etí ẹ bá ti mọ̀ ọ́n, wàá tètè mọ̀ tí wọ́n bá fẹ́ yí ìlù padà. Nítorí náà má jókòó ti olùdarí ní gbogbo ìgbà, lọ jókòó ti àwọn onílù nínú rìhásà kan tàbí méjì, kó o pa ìwé dé, kó o kàn máa gbọ́. Mo gbà á gbọ́ gan-an pé ibẹ̀ ni stéèjì máníjà ti ń di stéèjì máníjà nílẹ̀ wa.

Bó o ṣe máa pe kíù náà ṣe pàtàkì. Nọ́ńbà ló ń ṣáájú, go ló ń kẹ́yìn: "iná méjìlá, standby," kí oníná dáhùn pé òun ti gbọ́, lẹ́yìn náà "iná méjìlá... go." Go ni ọwọ́ ẹ̀ ń dúró dè, tó o bá fi go síwájú, á ti tẹ̀ ẹ́ kó o tó sọ nọ́ńbà. Má sì lo ọ̀rọ̀ yẹn fún nǹkan míì lórí headset, àní tó o bá fẹ́ sọ pé kẹ́nì kan lọ mú omi wá, "lọ" ni kó o sọ. Tí headset ò bá sí, má fi WhatsApp pe kíù, torí nẹ́tíwọ̀kì ò dúró de ẹnikẹ́ni. Gílóòbù kékeré méjì lẹ́gbẹ̀ẹ́ oníṣẹ́ tó: pupa tàn, ó múra, gíríìnì tàn, ó ṣe é.

Ti NEPA, ẹ ti mọ̀. Mo ní kó ṣètò bí ẹni pé wọ́n máa mú iná lọ, kó má dúró gbàdúrà pé kí wọ́n má mú un. Kí jẹnẹrétọ̀ ti máa ṣiṣẹ́ kí òǹwòran tó wọlé, kí ẹnì kan pàtó wà nídìí ẹ̀ tó mọ iye dísù tó wà nínú ẹ̀. Kọ̀ǹpútà tó ń darí iná ìtàgé, fi UPS sídìí ẹ̀, torí tó bá kú, ó máa ń pẹ́ díẹ̀ kó tó jí, ìṣẹ́jú díẹ̀ yẹn sì gùn gan-an nínú òkùnkùn. Àdéhùn gbọ́dọ̀ wà pẹ̀lú àwọn òṣèré: tí ibi gbogbo bá ṣú, kí kálukú dúró sójú kan, torí etí ìtàgé ò jìnnà, kí onílù máa lù lọ kí ọkàn òǹwòran lè balẹ̀, kí ẹni méjì tan tọ́ọ̀ṣì sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Lẹ tépù tó ń tàn lókùnkùn mọ́ etí ìtàgé àti àtẹ̀gùn, gé e kékeré. Tó bá jẹ́ amphitheatre tí ò lórùlé lẹ ti fẹ́ ṣe é, bá olùdarí sọ ọ́ ṣáájú pé tí òjò bá bẹ̀rẹ̀, ta ló máa ní kẹ́ ẹ dúró. Wáyà iná àti omi òjò ò gbọ́dọ̀ pàdé, ọ̀rọ̀ yẹn ò ní àríyànjiyàn nínú.

Nǹkan èlò eré, tábìlì kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìtàgé, tẹ́ bébà funfun lé e, fi máákà yí ẹsẹ̀ nǹkan kọ̀ọ̀kan ká kó o kọ orúkọ ẹ̀ síbẹ̀: ìrùkẹ̀rẹ̀, agbè, idà, àwo obì. Tó o bá wo tábìlì lẹ́ẹ̀kan, ibi tó ṣófo á sọ fún ẹ ohun tó sọnù. Kò sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ fọwọ́ kan ohun tí kì í ṣe tiẹ̀. Obì àti àkàrà tí wọ́n máa jẹ lórí ìtàgé, ọjọ́ eré ni kó o ra wọ́n. Tí fìtílà tó ní iná gidi bá wà níbẹ̀, garawa iyanrìn gbọ́dọ̀ wà nítòsí. Owó tí òǹwòran bá ná, yan ẹnì kan tó máa bá wọn ṣà á kúrò nílẹ̀ kíákíá, torí ẹsẹ̀ oníjó máa ń yọ̀ lórí náírà, kí ẹni náà sì kà á níṣojú àwọn onílù àti òṣèré lálẹ́ ọjọ́ yẹn, kí ìjà má baà dé.

Pẹ̀lú olùdarí, má takò ó níwájú àwọn òṣèré, àmọ́ má fi òótọ́ pa mọ́ fún un tó bá ku ẹ̀yin méjì. Tí eré bá ti ṣí, iṣẹ́ tiẹ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ parí, ọwọ́ ẹ ló bọ́ sí, ó sì yẹ kó o pa eré náà mọ́ bó ṣe fi lé ẹ lọ́wọ́. Lálaalẹ́, kọ ìròyìn kúkúrú kan kó o tó sùn: aago tó bẹ̀rẹ̀, aago tó parí, ohun tó já, ẹni tó fẹsẹ̀ ṣe é, aṣọ tó ya, kó o fi ránṣẹ́ sí gbogbo ẹni tó kàn, kí télọ̀ àti káfíńtà lè mọ iṣẹ́ àárọ̀ wọn.

Lọ́la ni wọ́n fẹ́ jókòó sídìí tábìlì láti to gbogbo kíù lórí bébà kí wọ́n tó wọ ìtàgé. Olùdarí, oníná àti ẹni tó ń bójú tó ohùn nìkan ni wọ́n ti pè. Mo ní kó pe bàbá onílù mọ́ wọn, kó gbé ìyáàlù ẹ̀ dání, kó sì rí i dájú pé wọ́n gbé àga tó dáa sílẹ̀ dè wọ́n. Ó ti fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́ sí mi báyìí pé bàbá ní àwọn ń bọ̀ láago mẹ́wàá.